Kí Ni A Ń Rà Nígbà Tí A Bá Ra Bàtà Olórúkọ?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ọkùnrin kan ra bàtà. Ó wọ̀ ọ́ fún ọdún kan gbáko. Bàtà náà kò ya, kò ta á lẹ́sẹ̀, gbogbo ènìyàn sì ń yìn ín. Lójijì, ó jù ú sí abẹ́ ibùsùn, kò fẹ́ fi ojú kàn án mọ́. Kí ló fà á?

Àlọ́ kọ́ ni mo ń pa. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa, ní Koussountou. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ọkùnrin náà. Ó lọ sí Nàìjíríà láti ṣiṣẹ́ oko, bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ agbègbè Tchamba àti Kambolé ti ń ṣe láti ayé àwọn bàbá wa. Ó lo ọdún méjì níbẹ̀. Nígbà tí Iléyá kù díẹ̀, ó padà wálé. Ó ra aṣọ fún ìyá rẹ̀, ó ra fóònù, ó sì ra bàtà aláwọ dúdú kan tó ń dán bíi dígí. Nínú bàtà náà, níbi tí gìgísẹ̀ ń tẹ̀, wọ́n fi àwọ̀ wúrà kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé Ítálì ni wọ́n ti ṣe é. Ó sọ fún wa pé owó bàtà náà tó fránkì 40 000. Ìyá rẹ̀ di orí mú.

Ní ọjọ́ ọdún, ó wọ̀ ọ́ lọ sí yídì. Ẹ̀yin náà mọ bí ó ti ń rí. Àwọn tí kì í dá a lóhùn tẹ́lẹ̀ kí i. Bàbá kan tó ní ọmọbìnrin nílé pè é kí ó wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òun. Kí ọmọ náà tó la ẹnu, bàtà rẹ̀ ti bá a sọ̀rọ̀ tán.

Ọdún kan kọjá. Òkúta ojú ọ̀nà wa bẹ̀rẹ̀ sí í tú gìgísẹ̀ bàtà náà díẹ̀díẹ̀. Ó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ aránbàtà kan ní Sokodé. Aránbàtà náà yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní:

«Àbúrò, ta ló tà á fún ọ?»

«Oníṣòwò kan ní Nàìjíríà ni, ẹ̀gbọ́n. Bàtà Ítálì ni.»

«Mo mọ ọwọ́ tó rán an. Àbá ni wọ́n ti rán an. Mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin.»

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni. Aránbàtà náà kò bá a jà. Ó fi ọ̀bẹ ṣí awọ pẹlẹbẹ tó wà nínú bàtà. Páálí ló wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n gé e láti ara páálí ọjà kan, ìdajì àdírẹ́sì ṣì wà lára rẹ̀, orúkọ ìlú Àbá sì hàn gbangba níbẹ̀. Ọmọ náà mọ̀wé kà. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó sanwó àtúnṣe, ó gbé bàtà rẹ̀, kò sì sọ ohunkóhun títí ó fi dé ilé. Ó dùn mí pé ìwé kíkà ló bà á nínú jẹ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìwé kì í mọ ohun tí a fẹ́ gbọ́ kí ó tó sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni bàtà ti wọ abẹ́ ibùsùn.

Mo pè é. Mo ní: «Bàtà tí o wọ̀ ní ọdún tó kọjá àti èyí tó wà lábẹ́ ibùsùn, ṣé méjì ni?» Ó ní rárá. «Ṣé awọ rẹ̀ ti di ewé?» Ó ní rárá. «Ṣé ó ti ń ta ọ́ lẹ́sẹ̀?» Ó ní rárá. «Kí ló wá yí padà?» Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní: «Bàbá kékeré, àṣírí mi ti tú.»

Ọ̀rọ̀ yẹn yà mí lẹ́nu. Kò sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ó ní àṣírí òun ló tú. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnìkan ní Koussountou tó mọ̀, àfi èmi àti òun. Aránbàtà wà ní Sokodé, kò mọ ilé wa.

Àwọn àgbà wa pa òwe méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí, òwe méjèèjì sì ń ta ko ara wọn. Èkíní ní: aṣọ là ń kí, kí a tó kí ènìyàn. Èkejì ní: aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, mo rò pé ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ irọ́. Nísinsìnyí mo rò pé èkíní ń sọ ohun tí a ń ṣe, èkejì sì ń sọ ohun tó jẹ́ òtítọ́. Àwọn tó ń ta bàtà olórúkọ rí oúnjẹ jẹ láàárín òwe méjèèjì.

Ẹ má rò pé àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Sokodé ti lọ wá iṣẹ́, ìlú kékeré kan wà tó ń jẹ́ Herzogenaurach. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Rudolf àti Adolf Dassler, jọ ń ṣe bàtà eré ìdárayá níbẹ̀. Ìjà dé, wọ́n pín. Rudolf dá Puma sílẹ̀ ní ọdún 1948. Adolf dá Adidas sílẹ̀ ní ọdún 1949. Ìlú náà pín sí méjì pẹ̀lú wọn. Wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ kan tó túmọ̀ sí ìlú àwọn tó ń wolẹ̀, nítorí pé bí ènìyàn méjì bá pàdé ní ojú ọ̀nà, wọ́n á kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ara wọn, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá kí àwọn kíra. Òyìnbó nìyẹn. Òwe wa kìíní ni wọ́n ń ṣe, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ibì kan wà lọ́dọ̀ wa tí òwe kejì ti ń borí. Ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí, gbogbo wa ń bọ́ bàtà. Bàtà rọ́bà fránkì 500 àti bàtà fránkì 40 000 wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú eruku. Kò sí ẹni tó lè mú orúkọ bàtà wọlé. Olè nìkan ló ń ka orúkọ lára bàtà ní àkókò yẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí orúkọ ṣe ń di owó. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Nike. Ní ọdún 1971, wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan, Carolyn Davidson, ya àmì kan fún àwọn. Ó ya ìlà kan tó tẹ̀ bí dòjé. Dọ́là 35 ni wọ́n san fún un. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, wọ́n rántí rẹ̀, wọ́n fún un ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ náà. Àmì yẹn ni gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Ní ọdún 1984, wọ́n bá Michael Jordan ṣe àdéhùn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù inú apẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1985, bàtà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dé ọjà. Ọmọ tí kò gbá bọ́ọ̀lù yẹn rí bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún fún bàtà náà.

Nike kì í sì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán bàtà. Ilé iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn, ní Vietnam, ní Indonesia àti ní Ṣáínà, ló ń bá a rán an. Ohun tí Nike ń ṣe fúnra rẹ̀ ni kí ó ronú bí bàtà yóò ṣe rí, kí ó sì mú kí orúkọ náà máa dún. Nígbà tí a bá san owó bàtà bẹ́ẹ̀, apá kan ń lọ sí awọ, rọ́bà àti òwú. Apá kan ń lọ sí ọkọ̀ ojú omi àti owó ibodè. Apá kan ń lọ sí owó ilé ìtajà, apá kan sí ọ̀dọ̀ eléré tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀. Ẹni tó jókòó nídìí ẹ̀rọ, tó rán an, ìpín tirẹ̀ kéré. Ọ̀rọ̀ yìí di ariwo láàárín ọdún 1990 sí 2000. Ní ọdún 1998, Phil Knight tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Nike gbà ní gbangba ní Washington pé àwọn ènìyàn ti ń so orúkọ ilé iṣẹ́ òun mọ́ owó iṣẹ́ ẹrú. Ó ṣèlérí pé àwọn ilé iṣẹ́ tó ń rán bàtà fún òun kò ní gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 mọ́.

Nítorí náà, orúkọ tó ga kì í ṣe ẹ̀rí pé wọ́n tọ́jú ẹni tó rán bàtà. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́wọ́ bí a ti ń lọ sí Àbá.

Àbá wà ní ilẹ̀ Ìgbò, ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Ọjà ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ariaria. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń fi bàtà ṣe iṣẹ́ jẹun ní ìlú náà. Ẹnìkan ń gé awọ, ẹnìkan ń rán an, ẹnìkan ń lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ ọn, ẹnìkan ń kùn ún kí ó máa dán. Bàtà wọn ń dé Èkó, ó ń dé Kútọnu, ó ń dé Lomé, ó ń dé Kamẹrúùnù. Mo gbà pé púpọ̀ nínú yín ti wọ̀ ọ́ láìmọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn aránbàtà yìí kò kọ orúkọ ìlú wọn sára iṣẹ́ wọn. Ítálì ni wọ́n ń kọ, tàbí orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá kan. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, ìdáhùn wọn kò ṣòro: bí a bá kọ Àbá sí i, oníbàárà yóò gbé e kalẹ̀, tàbí kí ó fẹ́ san ìdajì. Lẹ́yìn ọdún 2015, ìjọba ìpínlẹ̀ Ábíà bẹ̀rẹ̀ sí í polongo kí wọ́n máa fi orúkọ Àbá sára ọjà wọn, àwọn kan sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ta ló wá purọ́ nínú ọ̀rọ̀ bàtà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi? Ẹni tó kọ Ítálì sí i purọ́. N kò ní bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ tálákà. Ẹni tó mọ̀, tó sì tà á, òun náà purọ́. Bí ó bá sì jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ kan ni wọ́n kọ, olè ni, nítorí pé orúkọ ní olówó. Àjọ kan wà ní Yaoundé tí wọ́n ń pè ní OAPI. Orílẹ̀-èdè 17 ló wà nínú rẹ̀, Togo sì jẹ́ ọ̀kan. Òun ló ń pa orúkọ àti àmì ọjà mọ́. Aránbàtà Sokodé lè fi orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ bí ó bá fẹ́, kí ẹlòmíràn má bàa jí i lò.

Ṣùgbọ́n àwa oníbàárà ńkọ́? Bí aládùúgbò wa bá ṣe ohun tó dára, a ó ní kò dára tó. Bí ó bá kọ orúkọ ibi jíjìn sí i, a ó ní ó dára. Ta ló kọ́ ọ ní irọ́?

Mo sọ èyí fún ọmọ náà. Ó ní: «Ká ní mo mọ̀ pé Àbá ni, n kò bá má san ju 15 000 lọ.»

Mo ní: «Ó dára. 25 000 yòókù, kí ni o fi rà?»

Ó wò mí lójú, ó ní: «Ọjọ́ Iléyá yẹn ni mo fi rà, bàbá kékeré.»

N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Òótọ́ ló sọ. Ọjọ́ náà dùn. Fún ọdún méjì ó ń ro ilẹ̀ onílẹ̀, kò sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ó fẹ́ kí ìlú rẹ̀ rí i ní ọjọ́ kan. Ta ni yóò bú u? Ní Brazzaville àti ní Kinshasa, àwọn ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní sapeur. Òṣìṣẹ́ lásán ni ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n á tọ́jú owó fún ìgbà pípẹ́ láti ra bàtà J.M. Weston, èyí tí wọ́n ń rán ní ìlú Limoges ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n á nù ún, wọ́n á rìn jẹ́jẹ́, wọ́n sì ní sapeur gidi kì í jà, kì í sì í hu ìwà ìdọ̀tí. Àwọn kan ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Ènìyàn kì í ṣe ikùn nìkan.

Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu ni ìyá rẹ̀. Ẹ rántí pé ó di orí mú. Nígbà tí ọmọ náà fẹ́ lọ sí Nàìjíríà, ìyá rẹ̀ yá fránkì 20 000 lọ́wọ́ obìnrin kan tí wọ́n jọ ń dá tontín, kí ó lè rí owó ọkọ̀ fún un. Gbèsè náà ṣì wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ Iléyá yẹn, obìnrin náà wà ní ẹ̀bá ọ̀nà yídì. Ọmọ náà kọjá, ó kí i dáadáa. Obìnrin náà dáhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà ní ilẹ̀, ó ń wo bàtà. Ní ọjọ́ kejì, ó wá sí ilé wa kí oòrùn tó yọ. Kò pariwo. Ó kàn béèrè lọ́wọ́ ìyá ọmọ náà bóyá ọmọ rẹ̀ dé ní àlàáfíà.

Bí owó bá jẹ́ ti ènìyàn gan-an, tí kò sí ẹni tó ń retí nínú rẹ̀, èmi kò ní sọ pé kí ó má fi ra ọjọ́ kan tó dùn. Nínú 40 000 yẹn, 20 000 kì í ṣe tirẹ̀. Obìnrin yẹn ló wọ ẹsẹ̀ kan bàtà náà lọ sí yídì, kò sì sí ẹni tó yìn ín.

Àwa tí a dàgbà díẹ̀ mọ̀ bí bàtà tuntun ṣe di ohun ńlá lọ́dọ̀ wa. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n gé owó CFA wa sí méjì. Fránkì Faransé kan tí a ń fi CFA 50 rà di CFA 100. Gbogbo ohun tó ti òkèèrè wá gbówó lórí. Ọ̀pọ̀ wa bá yí sí àlòkù òyìnbó, èyí tó ń kún ọjà Hédzranawoé ní Lomé, kí ó tó gùn ún wá sí Sokodé àti Tchamba. N kò rí àbùkù nínú àlòkù. Bàtà àlòkù gidi a máa pẹ́ ju bàtà tuntun tí wọ́n fi páálí ṣe lọ. Ó kù sí ọwọ́ ẹni tó ń rà á.

Níbi yìí, ìwé tí a kọ́ yóò wúlò. Ẹ ka orúkọ tó wà lára bàtà, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Mo ti rí ibi tí wọ́n kọ Abibas dípò Adidas. Ẹni tí kò mọ̀wé kò ní rí i. Ṣùgbọ́n àwọn ayédèrú náà ti kọ́ ìwé báyìí, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣi orúkọ kọ mọ́, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé lẹ́tà nìkan. Ẹ wo inú bàtà àlòkù tó ti Yúróòpù wá. Òfin kan tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 1994 ní kí wọ́n fi àmì hàn ohun tí wọ́n fi ṣe òkè bàtà, inú rẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Àwòrán awọ ẹran tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ń sọ pé awọ ni. Àwòrán bí àwọ̀n ń sọ pé aṣọ ni. Àwòrán onígun mẹ́rin tó fi ṣóńṣó kan dúró ń sọ pé ohun mìíràn ni, bíi rọ́bà tàbí ike. Èyí kò tilẹ̀ fẹ́ kí a mọ èdè Faransé.

Lẹ́yìn náà ni kí ọwọ́ ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ bàtà náà láàárín. Bí ó bá jẹ́ ibi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ ni ó ti tẹ̀, ó dára. Bí ó bá jẹ́ àárín gan-an ni, yóò kán. Ẹ fa etí àtẹ́lẹsẹ̀ díẹ̀: ṣé wọ́n rán an ni, àbí gọ́ọ̀mù nìkan ló dì í mú? Eruku àti ooru wa kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù burúkú pẹ́. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé ṣóńṣó, ìṣó wà nínú bàtà àwọn ẹlòmíràn. Nọ́ńbà kò tó láti gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí pé 42 ti Faransé kì í ṣe nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí nọ́ńbà wọn kéré púpọ̀. Ẹ wọ ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ rìn. Ìrọ̀lẹ́ ló dára láti ra bàtà, torí pé ẹsẹ̀ tó ti rìn láti òwúrọ̀ máa ń wú díẹ̀. Àwọn ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́ á ní ẹ ń fi àkókò wọn ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.

Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá ti ṣe gbogbo èyí ní Nàìjíríà, yóò ti mọ̀ pé bàtà náà dára, Ítálì ni o, Àbá ni o. Páálí inú rẹ̀ nìkan ni àbùkù rẹ̀, aránbàtà Sokodé sì ti fi awọ rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí bàtà ti wà lábẹ́ ibùsùn, ọmọ náà tọ̀ mí wá ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní: «Bàbá kékeré, ẹ̀yin tí ẹ ní bàtà kan náà ni, nọ́ńbà 42 ni.» Ẹsẹ̀ mi náà jẹ́ 42. Mo fún un ní fránkì 10 000. Kò dúnàá dúrà. Ó jáde lọ ní òru yẹn, ó gba ọ̀nà ilé obìnrin tí ìyá rẹ̀ jẹ ní gbèsè. Nígbà tí ó yá, ó san 10 000 tó kù.

Ó ti di ọdún mẹ́ta tí mo ti ń wọ bàtà náà. Mo ti wọ̀ ọ́ lọ sí Kambolé àti Sokodé, nínú ẹrẹ̀ àti nínú eruku ọyẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì là. Ohun kan ló kù tó ń dùn mí. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé bàtà Àbá bẹ́ẹ̀ tó 15 000, mo sì gbọ́ ọ. Ojú tì í nígbà tó wá, mo sì fi ìtìjú rẹ̀ rà á ní 10 000. Bí kajú bá so dáadáa ní ọdún yìí, màá fún un ní 5 000 rẹ̀.